Àwọ̀ Kì Í Ṣe Adájọ́ Àgbàdo Tó Bu

Lónìí, ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà di ọ̀kan ṣoṣo. Ohun tí a fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ láti oko, ó gba orí àtẹ kọjá, inú ẹ̀dọ̀ ọmọ kékeré ló máa ń parí sí. Ọ̀rọ̀ àgbàdo tó bu ni, àti ẹ̀pà tó hùkàsì.

Àgbàdo àkọ́rọ̀ la máa ń kó nígbà tí òjò kò tíì dáwọ́ dúró dáadáa. Ilẹ̀ tutù, ojú ọ̀run ṣú, àgbàdo wà ní òkìtì lẹ́yìn ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ìgbà yẹn lẹ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí. Ẹnìkan á ní, "Funfun lásán ni, kò tíì dúdú." Ẹlòmíì á ní, "Ẹ sá a sóòrùn, á lọ." Ẹnì kẹta á ní, "Ẹ gbọn ìyẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ẹ lọ̀ ọ́. Ta ló máa mọ̀?" Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn ìyá tó ń wá owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni, àwọn bàbá tó jẹ gbèsè ajílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí ojú ni wọ́n dúró lé. Ohun tí ojú rí ni wọ́n fi ń dájọ́.

Èrò tèmi rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ jiyàn lé e lórí nínú ẹgbẹ́ yín: ẹni tó bá ń fi àwọ̀ dájọ́ àgbàdo tó bu, ẹ̀rí èké ló ń gbọ́. Oòrùn la fi ń dènà bíbu. A kì í fi oòrùn wo àgbàdo tó ti bu sàn. Tí ẹ bá ní kí n sọ ìdí rẹ̀, ó di dandan kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe sí nǹkan tó ń hù lára àgbàdo yẹn.

Kí ni nǹkan náà gan-an? Ọmọ ìyá olú ni. Olú tí ẹ ń já lórí ọ̀gán lẹ́yìn òjò, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ewéko: kò ní ewé, kò ní òdòdó, kò sì fi oòrùn se oúnjẹ bí ewé ṣe ń ṣe. Èyí tó ń hù lára àgbàdo náà kò yàtọ̀, àfi pé ó kéré débi pé a kò lè rí i tó bá dá wà. Ìgbà tó bá pọ̀ la tó ń rí i bí òwú funfun, tàbí bí ìyẹ̀ tó ní àwọ̀. Òwú yẹn ni ara rẹ̀. Ìyẹ̀ yẹn ni irúgbìn rẹ̀. Atẹ́gùn ló ń gbé e káàkiri, nítorí náà kò sí àká tí kò lè dé.

Kò ní ẹnu, kò ní eyín. Báwo ló ṣe ń jẹun? Ó ń tu omi kan sára hóró àgbàdo. Inú omi yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí àwọn olùkọ́ ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ẹ̀yin náà ní wọn lára. Ẹ jẹ búrẹ́dì kan, ẹ rún un lẹ́nu pẹ́ kí ẹ tó gbé e mì, ẹ máa rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló ti ń sọ oúnjẹ yẹn di ṣúgà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú olú kékeré yìí ń ya hóró àgbàdo wẹ́wẹ́, á sì máa fà á mu. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ìyẹ̀ lóde, ó ti ń jẹun nínú tipẹ́.

Yàtọ̀ sí ẹ́ńsáìmù tó fi ń jẹun, ó ní òmíràn tó fi ń ṣe nǹkan fún ara rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe oró. Àwọn kan ń ṣe àwọ̀. Ẹ fi wọ́n wé aláró: aláró wà nílé, ìkòkò wà, elú wà, ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tí ẹnìkan bá pè é. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn olú kékeré yìí, ìmọ́lẹ̀ ló ń pe aláró sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tí ó rọrùn láti rí. Lẹ́yìn tí iná bá ti jó oko, ẹ máa ń rí nǹkan kan tó pọ́n bí ọsàn tó pọ́n, tó hù sára ṣùkù àgbàdo tí iná kàn, tàbí sára búrẹ́dì tí a gbàgbé. Orúkọ rẹ̀ ni Neurospora. Ní nǹkan bí ọdún 1843, ó da búrẹ́dì àwọn ọmọ ogun rú ní Paris, wọ́n sì ní kí àwọn onímọ̀ wá wò ó. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti kíyè sí i pé ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ nínú àwọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá tọ́jú òwú rẹ̀ sínú òkùnkùn, funfun ló máa wà. Tí wọ́n bá gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, kò pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ohun tó ń pọ́n yẹn, ọmọ ilé kan náà ló jẹ́ pẹ̀lú ohun tó mú epo pupa pọ́n àti ohun tó mú kárọ́ọ̀tì pọ́n.

Báwo ni nǹkan tí kò lójú ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́? Ohun kan wà nínú ara rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ pé oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Òṣùmàrè ló máa ń tú wọn palẹ̀ fún wa. Nínú gbogbo wọn, ìmọ́lẹ̀ tó jọ àwọ̀ aró ni nǹkan yìí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá ti bà á, á pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe àwọ̀, àwọ̀ á sì jáde. Ara olú yìí kan náà ni Beadle àti Tatum ní Amẹ́ríkà ti rí i ní 1941 pé àṣẹ tó wà nínú ara ohun alààyè ló ń sọ irú ẹ́ńsáìmù tí yóò ní, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1958. Ẹ ò rí i pé nǹkan tí à ń gbọ̀n dànù ti kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́.

Ìbéèrè tó kàn ni pé: kí ló fẹ́ fi àwọ̀ ṣe? Ohun tí àwa ń fi akẹtẹ̀ ṣe náà ni. Oòrùn tó le máa ń ba ara ohun alààyè jẹ́. Àwọ̀ pupa, àwọ̀ dúdú, àwọ̀ ewé tí ẹ ń rí lára ìyẹ̀ yẹn ń bá a gba oòrùn dúró, kí irúgbìn rẹ̀ má bàa kú bó ṣe ń fò kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni òpó ohun tí mò ń sọ: àwọ̀ olú jẹ́ agboòrùn tirẹ̀. Kì í ṣe àmì tó gbé síta láti fi kìlọ̀ fún àwa èèyàn.

Tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ń sọ fún wa bóyá olú rí ìmọ́lẹ̀, bóyá ó ti dàgbà tó láti tú irúgbìn sílẹ̀, àti irú ẹ̀yà tó jẹ́. Kò sọ fún wa bóyá oró wà nínú hóró tàbí kò sí. Ní Java, ní ilẹ̀ Indonesia, àwọn èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ń gbin irú olú pípọ́n yìí sára èérún ẹ̀pà tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, wọ́n ń sè é jẹ, wọ́n ń pè é ní oncom. Pípọ́n yẹn á bà wá lẹ́rù tí a bá rí i níbí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa èèyàn kò pọ́n rárá. Bí ewé tó ń rọ ló rí, pẹ̀lú òwú funfun díẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jẹ olú pípọ́n o. A ò lè fi ojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹni tó ń ṣe oncom mọ ohun tó gbìn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rù àwọ̀ tó ń bà wá àti ewu tó wà níbẹ̀ kì í rìn pọ̀.

Èyí tó léwu jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Aspergillus flavus. Oró tó ń ṣe ni aflatoxin. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbẹ̀ ò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ìgbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé èérún ẹ̀pà tó bu ló wà nínú oúnjẹ wọn. Láti ara ìwádìí yẹn ni wọ́n ti mọ oró náà.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí nípa ìmọ́lẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀, olú yìí máa ń tú ìyẹ̀ tó ní àwọ̀ sílẹ̀ púpọ̀. Nínú òkùnkùn, ó lè fi ìyẹ̀ yẹn sílẹ̀, kó máa ṣe àwọn kóro dúdú líle tó fi ń pa ara rẹ̀ mọ́ de ọjọ́ iwájú. Àwọn onímọ̀ ti rí ohun kan nínú ara rẹ̀ tí wọ́n pè ní VeA, tó ń bá a ka ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ìgbà tí wọ́n mú VeA yẹn kúrò lára rẹ̀, kò lè ṣe aflatoxin mọ́. Ní 2008, wọ́n ṣàlàyé bí VeA ṣe ń dara pọ̀ mọ́ àwọn méjì mìíràn nínú òkùnkùn, tí wọ́n jọ ń darí bí irú olú báyìí ṣe ń dàgbà àti àwọn nǹkan tó ń ṣe, tó fi mọ́ oró. Ọwọ́ kan náà tó ń ka ìmọ́lẹ̀ ló tún wà lórí ẹnu ìkòkò oró.

Ẹ má ṣe gbọ́ èyí kí ẹ sọ pé, "Ó tán, a ó gbé e síta nínú ìmọ́lẹ̀, kò ní ṣe oró mọ́." Rárá o. Ooru wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ sì ronú: inú àpò, òkùnkùn ni. Inú àká, òkùnkùn ni. Abẹ́ òkìtì àgbàdo, òkùnkùn ni. Inú hóró àgbàdo fúnra rẹ̀, òkùnkùn ni, bó tilẹ̀ wà lójú oòrùn ọ̀sán gangan. Ibi tí oró ti ń jáde gan-an ni ìmọ́lẹ̀ kì í dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí à ń gbọ́ lọ́jà, ká fi ohun tí a ti kọ́ wò wọ́n.

Àkọ́kọ́, "Funfun lásán ni." Funfun lè jẹ́ pé kò tíì tú ìyẹ̀ sílẹ̀, tàbí pé inú òkùnkùn ló wà. Kò túmọ̀ sí pé kò tíì jẹun, kò sì túmọ̀ sí pé kò tíì ṣe oró. Ẹ̀yà mìíràn tiẹ̀ wà, Fusarium, tó máa ń funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀, tó ní oró tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó lè wà nínú hóró tí ojú rí bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é.

Èkejì, "Ẹ sá a sóòrùn, á lọ." Kí ló lọ? Omi lọ, ìyẹn dára, nítorí bíbu yóò dúró níbi tó dé. Ṣùgbọ́n oró tó ti wà nínú hóró kò bá omi lọ. Ìyẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ kí oòrùn pa, òun ló wọ aṣọ àwọ̀ de oòrùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń sá àgbàdo tó bu sóòrùn ń bá olú jà níbi tó ti múra sílẹ̀ jù.

Ẹ̀kẹta, "Ẹ gbọn ìyẹ̀ dànù, ẹ lọ̀ ọ́." Ìyẹ̀ ló ní àwọ̀. Aflatoxin kò ní àwọ̀ tí ojú wa lè rí lójú mọ̀nà. Abẹ́ iná pàtàkì kan tí àwọn onímọ̀ ń lò ló ti máa ń tàn. Irú kan ń tàn bí aró, irú kejì ń tàn bí ewé, lẹ́tà B àti G tí wọ́n fi ń pè wọ́n sì wá láti ara àwọ̀ méjèèjì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí iná yẹn lọ́jà wa. Ẹni tó gbọn ìyẹ̀ kúrò kò gbọn oró kúrò. Ohun tó gbọn kúrò ni ẹ̀rí tí ẹni tó fẹ́ rà á ì bá fi mọ̀. Tí wọ́n bá sì ti lọ̀ ọ́, hóró mẹ́wàá tó bàjẹ́ ti wọ inú gbogbo ìyẹ̀fun. A lè ṣa hóró. Ta ló lè ṣa ìyẹ̀fun?

Iná ààrò náà kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Aflatoxin kì í kú sínú omi tó ń hó. Tí ẹ bá fi ṣe ẹ̀kọ, ó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fi ro ọkà, ó wà níbẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù lásán ni mò ń sọ? Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti wò ó. Àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 480 wò ní abúlé 16 ní Benin àti Togo, àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún márùn-ún. Ìwádìí náà jáde ní 2002. Nínú ọmọ 100, 99 ní àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ní in púpọ̀ jù ni wọ́n kúrú jù, ni wọ́n sì rù jù. Wọ́n tún tẹ̀ lé ọmọ 200 ní Benin fún oṣù 8, wọ́n sì gbé ìyẹn jáde ní 2004. Àwọn tí oró náà pọ̀ jù lára wọn fi sẹ̀ǹtímítà 1.7 dín sí àwọn tó kéré jù lára wọn nínú gíga tí wọ́n ga. Oṣù mẹ́jọ péré o. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé oró náà pọ̀ lára ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú ju èyí tó ṣì ń mu ọmú lọ, nítorí ẹ̀kọ àti ọkà ni wọ́n fi rọ́pò ọmú. Ìyá tó ń sọ pé, "Ọmọ mi ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n kò dàgbà," ó yẹ ká bi í léèrè irú àgbàdo tó fi ń se oúnjẹ rẹ̀.

Tí oró náà bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń pa èèyàn kíákíá. Ní Kenya ní 2004, àgbàdo tí wọ́n tọ́jú nígbà tí kò gbẹ mú èèyàn 317 dùbúlẹ̀, 125 kú nínú wọn. Ojú wọn pọ́n bí ìyeyè, ikùn wú, ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́. Tó bá sì jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló ń fà. Ewu yẹn tún ga gan-an fún ẹni tó bá ní mẹ́dọ̀wú irú B lára. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, kẹwàá àti kẹrìnlá fo ọmọ yín, ààbò mẹ́dọ̀wú B wà nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Àwọn bàbá wa jẹ ẹ́, wọn ò kú." Àwọn kan nínú wọn kú, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tí ikùn rẹ̀ wú ní ogójì ọdún, a ò mọ ohun tó pa á, a kàn sin ín ni. Àwọn mìíràn á ní, "Adìẹ ló máa jẹ ẹ́, kì í ṣe èèyàn." Ẹ rántí àwọn tòlótòló ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pẹ́pẹ́yẹ kì í fara da oró yìí rárá, adìẹ tó ń jẹ ẹ́ kì í dàgbà bó ṣe yẹ, ẹyin rẹ̀ á dín kù. Owó lẹ ń bọ́ fún un, tí ẹ ò rí padà.

Èyí tó le jù láti dáhùn ni ti ẹni tó ní, "Tí mo bá da àgbàdo mi nù, ta ló máa san gbèsè mi?" Òótọ́ nìyẹn. Mi ò ní jókòó sídìí ẹ̀rọ rédíò kí n máa sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó da oúnjẹ nù bí ẹni pé nǹkan kékeré ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ oòrùn yẹ kó ṣáájú bíbu. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun tí a bá gbẹ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a ò ní bẹ̀rù rẹ̀ ní oṣù kẹta.

Báwo la ó ṣe ṣe é? Ẹ má jẹ́ kí àgbàdo pẹ́ lóko lẹ́yìn tó ti gbó. Ẹ má kó o jọ ní òkìtì sórí ilẹ̀ lásán. Ẹ bó o, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí báàsì, ọ̀rá líle tí a fi ń bo ẹrù ọkọ̀. Ẹ máa yí i padà lọ́sàn-án. Tí òjò bá ń bọ̀ tàbí tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ kó o wọlé, nítorí ìrì alẹ́ á dá omi ọ̀sán padà. Ẹ má fi igi lù ú títí hóró á fi fọ́. Hóró tó fọ́ àti èyí tí kòkòrò ti lu, ẹnu ọ̀nà ṣíṣí ni fún olú. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó rọ ọ́ sápò. Ẹ gbé àpò lé orí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbẹ tó? Ẹ wá ìgò tó mọ́ tó gbẹ, ẹ bu àgbàdo sí i dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi ṣíbí kan tàbí méjì iyọ̀ gbígbẹ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo yẹn, ẹ dá a padà sóòrùn. Tí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ẹ lè rọ ọ́ sápò. Ìgò àti iyọ̀ yìí sàn ju ojú lọ, nítorí omi ló ń wò, kò wo àwọ̀.

Nínú ilé, ẹ ṣà á kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bó èèpo rẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí lórí oúnjẹ àgbàdo wa ní Benin rí i ní 2005 pé ṣíṣà, fífẹ́, fífọ̀ àti bíbó èèpo ló ń mú oró kúrò jù. Kíkan tí ògì ń kan àti sísè tí à ń sè é kò mú púpọ̀ kúrò. Ọwọ́ ìyá àgbà tó ń ṣa hóró kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ, oògùn ni. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìlọ́ra mọ́. Èyí tí ẹ bá ṣà kúrò, ẹ wa ilẹ̀ rì í mọ́ ibi tí adìẹ kò ti lè tú u.

Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé orí ìyá nìkan ni kí ẹrù yìí wà. Ọjà gan-an ló ń kọ́ wa láti purọ́. Tí olùrà bá ń san iye kan náà fún agolo àgbàdo tó gbẹ àti èyí tó tutù, kí ló dé tí àgbẹ̀ á fi ṣe wàhálà gbígbẹ? Èyí tó tutù tiẹ̀ wúwo jù, ẹni tó ń tà á lórí ìwọ̀n ló ń jèrè. Mo ń sọ ọ́ gbangba: kí àwọn ìyálọ́jà fi ìgò àti iyọ̀ sẹ́nu ọjà. Kí àgbàdo tó bá yege ní iye tirẹ̀, kó ju èyí tó kù lọ. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá owó ra báàsì méjì mẹ́ta tí wọ́n á máa yá ara wọn nígbà ìkórè. Iye tí a ń ná sórí ikùn ọmọ kan tó wú ju iye báàsì lọ fíìfíì.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Oòrùn jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe oníṣẹ́ ìyanu. Ó ní àkókò tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́. Kí bíbu tó dé, òun ni olórí oògùn. Lẹ́yìn tí bíbu bá dé, àwọ̀ lásán la ń fi í yọ́ wò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ìbéèrè mẹ́ta rèé tí ẹ ó jíròrò kí a tó tún pàdé. Àkọ́kọ́: ní abúlé yín, ọjọ́ mélòó ló ń wà láàárín ìgbà tí ẹ ká àgbàdo àti ìgbà tó kọ́kọ́ rí oòrùn? Èkejì: ta ló máa ń jẹ àgbàdo tí ẹ kò lè tà, ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ? Ẹ̀kẹta: tí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ra báàsì, èèyàn mélòó ni yóò dá, èló ni ẹnìkọ̀ọ̀kan á sì mú wá? Ẹ kọ ìdáhùn yín sórí ìwé, ẹ fi rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́jà sí wa. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kó kọ tirẹ̀ náà, a ó kà á síta.

Kí oòrùn ràn nígbà tí a bá nílò rẹ̀, kí ọwọ́ wa sì yá nígbà tó bá ràn.